Ọ̀bẹ àpò mẹ́ta lórí tábìlì mi ní Kétu: oríkèé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta àgbàdo níbí ní Kétu ti ilẹ̀ Benin ló kó ọ̀bẹ àpò mẹ́ta wá pé kí n bá òun tún wọn ṣe. Òun àti ọ̀bẹ kì í pínyà: ó ń fi í tú ẹnu àpò, ó ń fi í gé okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù tó ń lọ sí Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́. Èyí tó tuntun jù nínú wọn ló ká mọ́ ọn níka nígbà tó ń fà á yọ nínú kókó okùn. Ojú ọgbẹ́ náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gbà á gbọ́ mọ́, pé irin rẹ̀ ni kò dáa. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Irin rẹ̀ kò burú. Oríkèé rẹ̀ ló ti jẹ.

Bí àwọn ènìyàn bá ń ra ọ̀bẹ àpò lọ́jà, bí ó ṣe mú ni wọ́n ń wò. Wọ́n á fi fá irun apá, wọ́n á fi la páálí, wọ́n á sanwó. Ọ̀bẹ ilé ìdáná, irin kan ni láti ṣóńṣó títí wọnú èèkù. Ti àpò, wọ́n ti já a sí méjì, ìṣó kan péré ló dè é pọ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, bí okùn bá fà á, ìṣó yẹn àti ohun tó ń dènà kíká rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo ìyà náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀bẹ àpò lágbára, ẹ má wo ẹnu rẹ̀.

Àwọn ọ̀bẹ náà rèé.

Ọ̀bẹ A, èyí tó ká mọ́ ẹ̀gbọ́n mi níka, kò lórúkọ. «Stainless» nìkan ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. 1 500 sẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi rà á. Irin rẹ̀ gùn ní mìlímítà 85, ó nípọn ní 2,8. Èèkù rẹ̀ jẹ́ ike, páànù irin méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì la ọ̀kan nínú páànù náà kí ó lè tẹ̀ wọlé bí ahọ́n, kí ó dúró sẹ́yìn ìdí ọ̀bẹ bí ẹ bá ti ṣí i tán. Ahọ́n yẹn ni ìdènà rẹ̀. Michael Walker, ará Amẹ́ríkà tó ń rọ ọ̀bẹ, ló sọ irú ìdènà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lónìí, òun ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún wa.

Ọ̀bẹ B ni Douk-Douk, ọ̀bẹ àwọn bàbá wa. Thiers ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1929. Páànù irin kan tí wọ́n ká ni èèkù rẹ̀, kò ní ìdènà kankan. Sìpìríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló dì í mú.

Ọ̀bẹ C ni Opinel onínọ́ńbà 8, irin sẹ̀ǹtímítà 8,5, èèkù igi. Òrùka kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí a ń yí kí ó má baà ká. Ọdún 1955 ni wọ́n fi òrùka náà kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1890 ni ìdílé Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ ní Savoie.

1. Wíwọ̀n kí n tó tú ohunkóhun

Mo fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí ẹnu fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú, kí ó má baà ha èèkù. Mo di èèkù mú, mo ṣí ọ̀bẹ dé òpin, mo gbé rúlà sẹ́yìn ṣóńṣó rẹ̀, mo wá fi ìka kan tì í sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀bẹ A mì ní mìlímítà 4. B mì ní 2. C kò tó 1.

Mìlímítà 4 ní ṣóńṣó lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n àlàfo tó ń fà á ní oríkèé kéré gan-an. Ibi tí wáṣà, òrùka pẹlẹbẹ tó wà níhà méjèèjì, ti di ìdí ọ̀bẹ mú kò fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ láti àárín ìṣó. Ṣóńṣó jìnnà sí ìṣó ní 80. Àlàfo ìdámẹ́wàá mìlímítà kan níbẹ̀ á di mìlímítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ní ṣóńṣó. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọn ṣóńṣó: kálípà tèmi kò lè fi àlàfo inú lọ́hùn-ún hàn mí, rúlà lásán fi í hàn.

Ìdánwò ìdènà ló tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí irin ọ̀bẹ ni mo dì sínú fáìsì, mo fi aṣọ wé e, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, èèkù yọ síta. Mo so bídọ́ọ̀nù lítà 20 kọ́ èèkù níbi tó jìnnà sí ìṣó ní sẹ̀ǹtímítà 10. Mo wá ń bu omi sí i ní lítà kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n kankan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan èèkù bí omi bá wà nínú bídọ́ọ̀nù.

Ọ̀bẹ A ká ní lítà 4. Lítà 4 péré! Ọmọdé tó ń tú okùn lè tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. C gba lítà 15, kò mira, mo dúró níbẹ̀. B ni n kò gbé kọ́ rárá, nítorí kò ní ohun tí mo fẹ́ dán wò.

2. Títú ọ̀bẹ A

Orí ìdè rẹ̀, ìyẹn súkúrù, jẹ́ oníràwọ̀ kékeré tí súkúrúdíráfà ilé wa kò lè wọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni mo ti yá èyí tó bá a mu. Ẹ yá a lọ́wọ́ wọn, ẹ má rà á, àfi bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́. Ìdè kan kò tú, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi sí i. A fi irin gbígbóná tí ọ̀gbẹ́ni náà fi ń jó òjé kàn án lórí fún ìgbà díẹ̀, ó sì tú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyẹ̀fun àgbàdo àti òógùn ti di amọ̀ dúdú nínú rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ìgbà tó mọ́ ni ọ̀rọ̀ hàn: wáṣà ike méjèèjì ti ya, ìdè oríkèé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, ṣùgbọ́n ihò ìdí ọ̀bẹ ti di 4,1 níhà kan, 4,4 níhà kejì. Ihò náà kò ṣe róbótó mọ́, ó ti gùn bí ẹyin. Kò sí bí ẹ ṣe lè fún ìdè náà mọ́lẹ̀ tó, ọ̀bẹ á ṣì máa rìn nínú rẹ̀.

3. Ihò

Mo fẹ́ sọ ọ́ di mìlímítà 5, kí n fi bóòtù 5 dè é. Ihò páànù inú kò fún mi ní wàhálà, dírílì lásán lù wọ́n. Ìdí ọ̀bẹ ló kọ̀. Ẹnu dírílì 500 sẹ́fà ń hu lórí rẹ̀ bí ìbọn ọmọdé, ó yọ èéfín, àwọ̀ rẹ̀ di aró, ó sì kú. Ihò kò fẹ̀ sí i rárá. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹ̀gbọ́n mi o, nítorí ó fi hàn pé wọ́n rọ irin náà dáadáa, wọ́n sì fún un ní iná tó tọ́ kí ó lè le.

Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tí ilé ẹwìrì rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Èrò mi ni kí a fi iná mú ìdí ọ̀bẹ rọ̀ kí dírílì lè wọ̀ ọ́.

«Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi iná mú ìdí rẹ̀ nìkan kí ó rọ̀?»

Ó gbà á, ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìka. «Ọmọ mi, ìka méjì péré ló wà láàárín ibi tí o fẹ́ kí n jó àti ibi tí ó ti ń gé nǹkan. Iná kò mọ ààlà. Bí ó bá dé ẹnu rẹ̀, o ti ní ọ̀bẹ tí kò lè gé ẹ̀bà.»

Ó tọ̀nà. Bí irin tí wọ́n ti fún ní iná bá tún gbóná kọjá ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti di aró, líle rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, kò sì ní padà àfi kí ẹ tún un rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. A lè fi aṣọ tútù wé ẹnu rẹ̀, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n lórí ọ̀bẹ tó kúrú báyìí n kò rí ìdí tí mo fi máa ta tẹ́tẹ́.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni fáìlì dáyámọ́ǹdì kéékèèké, àwọn tí wọ́n ń tà ní mẹ́wàá nínú àpò ike kan, 2 500 sẹ́fà. Mo mú èyí tó rí róbótó, mo ń rọra yí i nínú ihò pẹ̀lú omi díẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, nítorí dáyámọ́ǹdì orí rẹ̀ á bọ́. Ẹ máa yí ọ̀bẹ padà, kí ẹ fá láti ojú kan, kí ẹ fá láti ojú kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò á fẹ̀ lẹ́nu, á sì há ní àárín. Ẹ jẹ́ kí bóòtù tí ẹ fẹ́ lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ máa fi dán an wò. Ibi tó bá ti wọlé pẹ̀lú titì díẹ̀ ni kí ẹ ti dúró. Èyí tó fẹ̀ jù, kò ní àtúnṣe mọ́ àfi kí ẹ wá bóòtù tó tóbi sí i.

4. Wáṣà

Ike ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo kọ́kọ́ gé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é, mo sì mọ ìdí: ó tẹ́jú, ó ń yọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀bẹ náà ń ṣí bí omi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ṣí i, tí mo pa á dé, tí mo sì fi fá igi ìdáná fún ọ̀sán kan, ó ti tún ń mì. Ike ń tẹ̀ lábẹ́ ìfúnpá, á máa tinrín díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ín á máa fún nọ́ọ̀tì. Fún ọ̀bẹ ìgé-ìwé, ó tó. Fún tẹni tó ń ja okùn, kò tó.

Idẹ ló yẹ. Bàbá alágbẹ̀dẹ yẹn náà ló ta ìdí fìtílà gáàsì àtijọ́ kan fún mi, èyí tí kẹrosíìnì máa ń wà nínú rẹ̀, 300 sẹ́fà. Idẹ gidi ni, ó nípọn ní bí ìdajì mìlímítà. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo fi òòlù tẹ́ ẹ lórí irin tó tẹ́jú, mo lu ihò rẹ̀ kí n tó gé etí rẹ̀ róbótó. Bí ẹ bá gé e róbótó tán kí ẹ tó lu ihò, dírílì á gbà á lọ́wọ́ yín, á sì fi gé yín. Mo wá tẹ́ sáńpépà 400 sórí gíláàsì, mo ń fi ìka kan wọ́ wáṣà lórí rẹ̀ títí méjèèjì fi di ìwọ̀n kan náà, 0,35. Kí wọ́n dọ́gba ṣe pàtàkì ju iye tó jẹ́ lọ: bí ọ̀kan bá nípọn jù, ọ̀bẹ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú èèkù, ẹnu rẹ̀ á sì máa ha páànù.

5. Bóòtù

Èyí tí ara rẹ̀ dán láti abẹ́ orí dé ààbọ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí eyín rẹ̀ lọ títí. Eyín bóòtù bí ayùn ni nínú ihò, á máa jẹ ẹ́ lọ. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni irú èyí tí ike wà lẹ́nu, kí ó má baà máa tú fúnra rẹ̀. Méjèèjì jẹ́ 150 sẹ́fà. Mo fún un títí ọ̀bẹ kò fi lè ṣí mọ́, mo sì dá nọ́ọ̀tì padà bí ìdá mẹ́jọ àyíká kan. Ó ń ṣí, kò mì. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi òróró jíjẹ síbẹ̀ o, á di gọ́ọ̀mù kí oṣù tó parí.

6. Ahọ́n ìdènà

Ibí ni iṣẹ́ náà wà gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé kò lè ṣáájú. Bí ìdí ọ̀bẹ bá ti ń rìn, ibi tí ahọ́n ti ń kàn án ń yí padà. Ẹni tó bá tẹ ahọ́n wọlé kó tó tún oríkèé ṣe, bí oríkèé bá ti dúró tán, ahọ́n náà á jìn jù tàbí kí ó má dé ibẹ̀ mọ́.

Mo fi bírò dúdú kun ìdí ọ̀bẹ níbi tí ahọ́n ti ń gbé e. Mo ṣí i, mo pa á dé ní ìgbà mélòó kan, mo wo ibi tí tàdáwà ti ha kúrò. Ojú kan bí orí abẹ́rẹ́ ni, ní igun òkè. Ìyẹn ni pé gbogbo ìka ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí igun páànù tí kò fẹ̀ ju èékánná eèrà.

Wọ́n kì í gé ìdí ọ̀bẹ yìí ní gígùn gbọnrangandan. Ó máa ń fì díẹ̀, bíi digíírì 7 sí 10, kí ahọ́n lè máa rọra wọlé sí i bí irin bá ṣe ń jẹ. Bí ó bá fì jù, ahọ́n á yọ̀ jáde nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀bẹ. Bí kò bá fì tó, á há, ẹ kò sì ní lè pa á dé. N kò fọwọ́ kan ìdí ọ̀bẹ. Orí ahọ́n ni mo fá, pẹ̀lú fáìlì dáyámọ́ǹdì onípẹlẹbẹ, ní ìgbà díẹ̀díẹ̀, kí ó lè bá ìfì náà mu. Bírò, ṣí, pa dé, wò, fá. Bírò, ṣí, pa dé, wò, fá. Nígbà tí tàdáwà ha kúrò ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ahọ́n wọlé díẹ̀ kí sìpìríǹgì rẹ̀ lè le sí i: mo yọ irin ọ̀bẹ kúrò, mo fi àtàǹpàkò ti ahọ́n kọjá àárín, mo jẹ́ kó padà, mo tún un ṣe. Ẹ má fi pílásì tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti là á. Bí ẹ bá ṣí ọ̀bẹ tán, kí ahọ́n dúró láàárín ìdajì àkọ́kọ́ ìdí ọ̀bẹ. Bí ó bá ti sún dé páànù òdìkejì, ayé ọ̀bẹ yẹn ti ń parí lọ.

7. Ìdánwò kejì fún A

Ṣóńṣó mì, kò tó mìlímítà kan. Bídọ́ọ̀nù: lítà 4 kọjá, 8 kọjá, 12 kọjá. Ní 15 mo gbọ́ dídún kékeré kan, ṣùgbọ́n kò ká, mo dúró. Ẹ wò ó: kìlò 15 ní sẹ̀ǹtímítà 10, ahọ́n sì wà ní bí mìlímítà 6 sí ìṣó. Ohun tí orí ahọ́n yẹn gbà tó kìlò 250. Páànù mìlímítà kan ló gbà á. N kò ní kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀bẹ ẹni ẹlẹ́ni ni.

Àwọn kan ń gbá ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́ tábìlì láti dán ìdènà wò. N kì í ṣe é. Gbígbá yẹn gan-an ń ba orí ahọ́n jẹ́, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín bà á jẹ́ lónìí kí ó ká mọ́ yín lọ́la.

8. Douk-Douk

Èyí kò gba àkókò. Mo gbé orí ìṣó rẹ̀ lé irin tó tẹ́jú, mo ki bébà méjì tí mo fi òróró pa sáàárín irin ọ̀bẹ àti èèkù níhà méjèèjì, mo wá fi òòlù olórí róbótó kékeré rọra lu orí ìṣó lókè, yíká etí, kì í ṣe ní àárín. Bébà yẹn ló ń dá àlàfo sílẹ̀. Láìsí i ẹ ó lu ìṣó náà há pátápátá. Nígbà tí mo fà á yọ, mìlímítà 2 ti di ìdajì. Owó: òdo.

Mo ṣì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èyí kì í ṣe ọ̀bẹ kókó okùn. Bí ó ṣe lágbára tó ní oríkèé, kò sí ohun tó ń dá a dúró bí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi gé, kí wọ́n má fi gún nǹkan, kí wọ́n má fi tú nǹkan.

9. Opinel

Ìdènà rẹ̀ kò ní àbùkù. Ohun tó ń ṣe é ni pé lásìkò òjò kì í ṣí, nígbà tí ọyẹ́ bá dé á tún máa mì. Igi rẹ̀ ló ń mu omi, tó ń wú, tó tún ń gbẹ. Bí ó bá há, ẹ gbá ìdí èèkù mọ́ tábìlì ní ẹ̀ẹ̀kan, irin á yọ ṣóńṣó síta tí èékánná lè mú. Àwọn ará Savoie fúnra wọn ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti wò ó sàn díẹ̀, mo fi í síbi gbígbẹ títí ó fi ṣí fúnra rẹ̀, mo fi sáńpépà fá inú ihò èèkù, mo sì fi paráfíìnì olómi láti fámásì rin igi náà nínú àti lóde, kí omi má baà ráyè. Ìpẹtà wà lára irin rẹ̀ nítorí kì í ṣe irú èyí tí kò ń dípẹtà. Òróró díẹ̀ ló ń fẹ́, kí wọ́n sì nù ún lẹ́yìn tí wọ́n bá fi gé ọsàn.

Owó

Fáìlì dáyámọ́ǹdì 2 500, dírílì tó kú 500, sáńpépà méjì 400, idẹ 300, kẹrosíìnì 200, bóòtù àti nọ́ọ̀tì 150. Àpapọ̀ 4 050 sẹ́fà, láìka paráfíìnì tí mo ti ní nílé. Ọ̀bẹ A jẹ́ 1 500. Ẹni tí kò bá ní fáìlì tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀bẹ kan ṣoṣo ló fẹ́ tún ṣe, kó lọ fi owó náà kún owó Opinel, kó sì máa lọ ní tirẹ̀. Èmi ní fáìlì báyìí, ọ̀bẹ tó bá tún wá kò ní ná mi ju bóòtù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀bẹ A ló ń lò fún okùn, ó ní ó le lọ́wọ́ òun ju ti ìgbà tó wà ní tuntun lọ. Ẹ̀sùn kan ló mú wá: nọ́ọ̀tì tí mo fi síta ń ya àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó gbé e wá kí n fá orí rẹ̀ kúrú. Kò tíì yọjú.